Ṣe, Má Ṣe: Fún Ẹni Tó Ń Lọ Wo Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ọmọ wa tó ti ya fọ́tò níwájú ilé gogoro Dubai pọ̀ ju àwọn tó ti tẹ ilẹ̀ Kòso ní Ọ̀yọ́ lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá ti fà sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan wà tó yẹ kó yé ọ kí o tó wọ mọ́tò: ibi ìtàn wọn kì í ṣe ibi tí wọ́n tì pa, tí wọ́n wá ń ṣí fún àlejò láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọba ń sùn nínú ààfin náà. Àwọn tó ni ojúbọ ṣì ń bọ ọ́. Lọ́jà tí ìtàn kún inú rẹ̀, ata àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lówùúrọ̀ yìí. Nítorí náà, bí o bá ṣe kí onílé ló máa sọ bí wọ́n á ṣe jẹ́ kí o rìn wọlé tó.

KÍ O TÓ GBÉRA

MÁ ṢE wá Ọ̀yọ́-Ilé lọ sí ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ tí mọ́tò ń gbé ọ lọ láti Ọjọ́ọ̀ ní Ìbàdàn ni Ọ̀yọ́ Àtìbà, ìlú tí Aláàfin Àtìbà sọ di olú-ìlú láàárín ọdún 1830 sí 1840, nígbà tó fi Àgọ́ Ọjà ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí ogun Ìlọrin tú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ká. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà lápá àríwá réré, nínú igbó. Hugh Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, Richard àti John Lander dé ní 1830; Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, ọjà ṣì ń ná. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí ìlú fi dahoro. Ohun tó kù lónìí ni ìyókù odi ìlú, àpáàdì, àti ihò tí ọwọ́ àwọn ìyá wa lọ̀ sórí àpáta níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Ó yẹ ní wíwò, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ kan yà sí bó bá ń lọ Ìlọrin.

ṢE ÈYÍ: kọ́kọ́ yà sí Ìsokùn. Inú ìlú Ọ̀yọ́ ni Ìsokùn wà, ibẹ̀ sì ni olú-iléeṣẹ́ Old Oyo National Park, igbó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ ní 1991, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìjímèrè wà níbẹ̀, oríṣiríṣi ẹtu náà wà. Wọn á sọ apá ibi tó ṣeé wọ̀ fún ọ, iye owó tí wàá san, àti ẹ̀ṣọ́ tó máa bá ọ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, ló dára jù, torí pé bí òjò bá ti dé, ẹrẹ̀ á gba ọ̀nà, koríko á sì bo gbogbo ohun tí o torí rẹ̀ wá. Bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ààbò, má tijú. Bí wọ́n bá ní apá ibì kan kò ṣeé lọ lásìkò yìí, má wá ọlọ́kadà kan lábúlé tó máa gbé ọ gba ẹ̀yìn wọlé.

MÁ ṢE kó àpáàdì wálé. Mo mọ̀ pé kékeré ni, mo mọ̀ pé ó pọ̀ nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Àpáàdì tó wà níbi tó ti fọ́ lè sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà pé ilé ìdáná ló wà níbí, tàbí pé ojú ọ̀nà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ ní Lẹ́kí kò ní í sọ nǹkan kan mọ́. Òfin tún wà: láti 1979 ni òfin àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Èyí kan ère, ó kan ọ̀pá òrìṣà, ó kan ẹdùn àrá tí ẹnì kan fẹ́ fi aṣọ wé tà fún ọ ní kọ̀rọ̀. Bí ayédèrú bá ni, o ti pàdánù owó. Bí ojúlówó bá ni, o ti wọ gbèsè ẹjọ́.

ṢE ÈYÍ: ka Johnson kí o tó lọ. Àlùfáà Samuel Johnson jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, ẹnu àwọn arọ́kin tó ń pìtàn láàfin àti àwọn àgbà ìlú ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ìwé tó fi ọwọ́ kọ sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Òyìnbó, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún àkọsílẹ̀ tó kù tò títí ìwé náà fi jáde ní 1921. Kà á, kí orúkọ Àjàká, Àbíọ́dún àti Baṣọ̀run Gáà má baà jẹ́ ariwo lásán létí rẹ.

MÁ ṢE fi ìwé náà bá àgbà jiyàn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní bí wọ́n ṣe ń pìtàn tiwọn, ẹ̀tọ́ oyè sì ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ohun tí bàbá kan sọ bá yàtọ̀ sí ojú ìwé tí o kà, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà gan-an ni ẹrù tí o rà.

NÍ Ọ̀YỌ́

ṢE ÈYÍ: ránṣẹ́ síwájú bí o bá fẹ́ wọ ààfin Aláàfin. Wá ẹnì kan tí ilé ọba mọ̀, ìbáà jẹ́ olóyè, ìbáà jẹ́ onílù, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ní ìlú, kí ó mú ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba àlejò. Bí o bá kàn já wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá ọ padà, o ò sì ní í kọjá ojúde. Bọ́ fìlà. Bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí o bọ́ ọ. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, kò sí ti pé mo wọ ṣòkòtò funfun. “Kábíyèsí o! Ikú Bàbá Yèyé!” ti tó fún àlejò, oríkì tó kù, jẹ́ kí àwọn tó ni ín máa kì í.

Aláàfin tó wà lórí ìtẹ́ ni Ọba Akeem Abímbọ́lá Owóadé Kìíní, tí wọ́n dé ládé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ lórí oyè kó tó wàjà ní oṣù Kẹrin 2022. Ìgbà tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wàá bá ní ààfin fi dàgbà, nítorí náà tẹ́tí dáadáa kí o mọ ọba tí wọ́n ń sọ kí o tó dá sí i.

ṢE ÈYÍ: wo kọ̀bì. Ọ̀pọ̀ àlejò á kọjá níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé ohun tí àwọn wá wò nìyẹn. Kọ̀bì ni ìloro tó yọ síta lára ilé, tó ní òrùlé tirẹ̀, tí òpó gbé ró. Láyé àtijọ́, àmì ilé ọba ni. Ọlọ́rọ̀ kan kò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀bì sí ilé òun. Koríko ló bo orí ààfin nígbà náà, ọdọọdún sì ni àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń ru koríko bẹẹrẹ wá fún àtúnṣe òrùlé, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Páànù ti gbapò koríko, àmọ́ bí wọ́n ṣe pín àgbàlá sí àgbàlá, tí ilé ń wọ inú ilé, ṣì fi hàn ọ́ bí baba wa ṣe rò pé ó yẹ kí ilé alágbára rí: kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ó kàn jìn ni. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o dé ibi òpó gbígbẹ́, níbi tí ẹlẹ́ṣin àti ìyá ọlọ́mọ gbé ń fi orí ru òrùlé, dúró pẹ́. Má fọwọ́ kàn wọ́n.

MÁ ṢE na ọwọ́ sí ọba pé kí ẹ bọ ọwọ́. Má pè é lórúkọ. Má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀, má sì kẹ́yìn sí i bí o bá ń jáde.

MÁ ṢE béèrè pé kí wọ́n mú ọ wọ Bàrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí. Ọba fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló ń wọ ibẹ̀ nígbà ètò ìdéládé rẹ̀, kò sì ní í padà sí i láyé mọ́. Ìwọ wo ni tìrẹ?

MÁ ṢE dá ọ̀rọ̀ Aláàfin àti Ọọ̀ni sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ́ lálejò. Àríyànjiyàn ta ni àgbà ti pẹ́, ó sì tún ru sókè ní oṣù Kẹjọ 2025 nítorí oyè kan. Àlejò kì í jàre nínú ẹjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá.

ṢE ÈYÍ: lọ sí Kòso, kí o sì lọ bí ẹni tó lọ kí ẹlòmíràn nílé. Àwọn Mọ́gbà ló ni àkóso ojúbọ Ṣàngó níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ètò ìdéládé Aláàfin ń gbà kọjá. Orógbó ni kí o mú lọ́wọ́. Ṣàngó kì í gba obì, onílé á sì ti mọ irú ẹni tí o jẹ́ láti inú ohun tí o bá kó kalẹ̀. Bí o bá fẹ́ rí ìlú nígbà tó bá kún, oṣù Kẹjọ ni kí o lọ, nígbà ọdún Ṣàngó tí UNESCO fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní oṣù Kejìlá 2023. Bàtá á máa dún, elégùn á máa jó pẹ̀lú irun dídì àti aṣọ pupa, wàá sì pàdé àwọn ará Brazil àti Cuba tí wọ́n ń sin Xangô àti Changó láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun. Òmíràn nínú wọn á mọ orin Ṣàngó ju ìwọ tí wọ́n bí ní Mọ́kọ́lá lọ. Má fi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tí orin yẹn gbà dé ẹnu wọn le ju ti mọ́tò Ìbàdàn lọ. Àti pé, gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kí oṣù náà tó wọlé.

MÁ ṢE sọ ní Kòso pé Ṣàngó pokùn so. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé nìyẹn. Àwọn tó wà níwájú rẹ gbà pé ọba kò so, orí ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀sìn wọn kà. Dúró Ládípọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe àkọlé eré rẹ̀, Ọba Kò So, tó gbé dé Berlin ní 1964, bí ìyẹn bá lè mú kí o bọ̀wọ̀ fún un.

MÁ ṢE ya fọ́tò láìgbàṣẹ. Níbòmíràn, àlejò ń bọ̀wọ̀ fún òfin onílé. Ní ilẹ̀ Australia, àpáta ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Uluru, tí àwọn àlejò ti ń gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Anangu tó ni ilẹ̀ ní ibi ọ̀wọ̀ ni. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2019, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gùn ún mọ́, àwọn àlejò sì gbà. Ní Bali, bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà níta, wọ́n á fún ọ ní ìró kí o tó wọ tẹ́ḿpìlì. Ọmọ Nàìjíríà tó bá lọ síbẹ̀ á so aṣọ mọ́ ìdí wẹ́rẹ́. Bó bá wá dé Ọ̀yọ́, á fẹ́ máa ti fóònù bọ inú yàrá òrìṣà. Béèrè ni: “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé mo lè yà á?” Bí wọ́n bá ní rárá, fi fóònù sápò, kí o sì ṣì jókòó. Ìgbà tí fóònù bá wà lápò ni àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ní owó ni, ẹ sọ iye kí o tó yà á.

ṢE ÈYÍ: béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ sílé bóyá egúngún tàbí Orò ń bẹ lóde lọ́sẹ̀ tí o wà. Ti egúngún, ẹnikẹ́ni lè wò ó: fi àyè sílẹ̀ fún un, má jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ kàn ọ́, bó bá sì yọ sí ọ, fẹ̀yìn rìn, má sá. Ti Orò, obìnrin kì í jáde lásìkò tó bá ń ké, ì báà ṣe àlejò láti Jámánì. Ẹ má fi ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ọjọ́ ìrìn àjò.

ṢE ÈYÍ: na ọjà Akẹ̀sán. Iwájú ààfin ló wà, bó ti yẹ kí ọjà ọba wà. Iná jó o ní oṣù Kìíní 2020, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì pàdánù ohun gbogbo. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́. Nítorí náà má retí ìsọ̀ amọ̀ àti òrùlé àtijọ́. Ilé tuntun ni, àmọ́ ìyá tó ń ta orógbó níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tó tà á nígbà Aláàfin Ládìgbòlù.

Igbá fífín ni kí o wá. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí o tó béèrè iye: wọ́n á la akèrègbè, wọ́n á kó inú rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fá ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ kékeré á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láìsí pẹ́ńsùlù, láìsí ìwé. Bí ọwọ́ bá yọ̀, igbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ awọ náà wà, tí wọ́n ń ṣe tìmùtìmù àti àpò. Àwọn àyàn á ta gángan àti dùndún fún ọ. Bí o bá fẹ́ ra ìlù, jẹ́ kí wọ́n lù ú níwájú rẹ, kí o sì fún ọṣán rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ apá kí o gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlù tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan, ara ògiri ni kí o gbé e kọ́.

MÁ ṢE ná igbá bí ẹni ń ná tòmátì. Ìnájà wà, ó sì yẹ kí ó wà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi ọjọ́ méjì jókòó ti igbá kan bá dá iye lé e, má bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ tí o máa gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kọfí kan ló máa gbé e lọ ní Ìkẹjà.

ṢE ÈYÍ: fún onílù lówó. Bí o bá dé ojúde ààfin, ìyáàlù á rí ọ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á bi ọ́ ní orúkọ àti ìlú baba rẹ, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti ń fi ìlù kì ọ́. Dúró gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, fi owó sí wọn lọ́wọ́.

MÁ ṢE fọ́n owó náà sílẹ̀, má sì tẹ̀ ẹ́ jó. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀sùn náà rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ná owó lóde ìnáwó lọ́sẹ̀ gbogbo. Ìwọ àlejò ni kó má di ẹni tí wọ́n máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

ṢE ÈYÍ, bí àyè bá wà: yà wo ọgbà St. Andrew’s College àtijọ́, tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 láti kọ́ àwọn olùkọ́. D. O. Fágúnwà kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Gba àṣẹ lẹ́nu géètì.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

MÁ ṢE gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru. Kò tó 60 kìlómítà, àmọ́ má fi iye yẹn ṣírò wákàtí. Ọ̀nà oníbejì tó yẹ kó ti Ìbàdàn dé Ìlọrin, abala tó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni tírélà àti mọ́tò kéékèèké jọ ń pín, ihò sì wà nínú rẹ̀ tó ti gbẹ̀mí ènìyàn. Gbéra láàárọ̀. Yan mọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ kò kánjú, má sì fi owó díẹ̀ yan ọ̀kadà lọ sí ìlú mìíràn.

NÍ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

ṢE ÈYÍ: bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ṣòún, ọba ìlú náà. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnlọlá ló tẹ̀dó sábẹ́ igi Àjàgbọn, tí ìyàwó rẹ̀, Lọ́rungbẹ́kún, ń ta ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀sùn kan gbé Ògúnlọlá dé iwájú Aláàfin. Lásìkò náà, jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ògúnlọlá tó wà ní àtìmọ́lé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Ó fi ọfà pa á, ó gbé orí rẹ̀ wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Sọ pé kí wọ́n fi ibi igi Àjàgbọn hàn ọ́, kí o sì jẹ́ kí ọmọ ìlú pa ìtàn náà fún ọ níbẹ̀. Tiwọn gùn ju tèmi lọ, ó sì dùn jù ú lọ, pàápàá níbi tí Lọ́rungbẹ́kún bá ti ń sọ̀rọ̀.

Ọba Jímọ̀h Oyèwùmí, Ajàgúngbadé Kẹta, wà lórí oyè láti 1973 títí ó fi wàjà ní oṣù Kejìlá 2021. Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, láti 2023, ni Ọba Afọlábí Ghandi Ọláoyè, Orúmogege Kẹta, tó jẹ́ pásítọ̀ kó tó jọba. Ìkíni tí o kí ní Ọ̀yọ́ náà ni kí o kí níbí. Má rò pé nítorí pé pásítọ̀ ni, ọwọ́ lo máa bọ̀.

MÁ ṢE pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní abúlé Ọ̀yọ́, kódà kí o máa ṣàwàdà. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń tú ìlú ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ògbómọ̀ṣọ́ kò tú. Ọ̀pọ̀ ará ìlú tó fọ́ ló sá wọ inú rẹ̀, ìyẹn ló sì fi fẹ̀ báyìí. Tóyèjẹ tó jẹ baálẹ̀ níbẹ̀ di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Bí o bá bi ará àdúgbò kan léèrè, á sọ ìlú tí wọ́n ti ṣí wá fún ọ. Bi wọ́n.

ṢE ÈYÍ: tọ ipasẹ̀ àwọn onítẹ̀bọmi. T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ. Rò ó wò ná: lọ́dún 1858, ẹnì kan ní Washington lè ṣí ìwé kó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìyá oníyán kan ń sọ nítòsí Tákìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Baptist wà láti 1898. Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 1907, ilé ìwòsàn náà ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ni kí o ti kọ́kọ́ béèrè àyè. Bí o bá sọ pé ìtàn lo ń wá, ó ṣòro kí wọ́n lé ọ.

MÁ ṢE ya àwọn aláìsàn ní fọ́tò. Ilé ìwòsàn ni, bó ti wù kó pẹ́ tó.

ṢE ÈYÍ: béèrè nípa Akíntọ́lá, kí o sì wá àga jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní 1910. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, ó ṣe agbẹjọ́rò, ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àwọn ṣọ́jà sì pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Orúkọ rẹ̀ ni LAUTECH ń jẹ́, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń rántí àwàdà àti òwe rẹ̀. Wọ́n á sọ wọ́n fún ọ títí oúnjẹ rẹ á fi tutù.

MÁ ṢE jẹ́ kí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ jẹ́ “Ta ló jẹ̀bi, òun tàbí Awólọ́wọ̀?” Ìjà òṣèlú àwọn méjèèjì tú ilé ká, ó jó ilé, ó pa ènìyàn ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn kan tó bá ọ jókòó lè jẹ́ ọmọ ẹni tó fara gbá a.

ṢE ÈYÍ: jẹun. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ọkà ni oúnjẹ. Wá búkà tí àwọn awakọ̀ ń dúró tò sí, kí o bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Wàrà tún wà, tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri. Èyí tí wọ́n dín lójú rẹ ni kí o rà, má ra èyí tó ti wà nínú omi láti àárọ̀.

ṢE ÈYÍ, bí o bá dé ní ìgbà máńgòrò, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà: ra máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́, má sì rà á ní gáréèjì tí mọ́tò ti ń mú iná. Wọ inú ọjà. Bí Èkó lo ń padà sí, yan èyí tó ṣì le díẹ̀, kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tí afẹ́fẹ́ ń gbà, má kó o sí ọ̀rá, má sì jẹ́ kí awakọ̀ jù ú sí bùútù lábẹ́ ẹrù ẹlòmíràn. Sọ fún un pé orí ẹsẹ̀ rẹ lo fẹ́ gbé e lé. Á kùn, á sì gbà.